Ẹ má fi ojú epo Agbálátà ra òróró ólífì ní Ítálì

Ní Àgbádárìgì, ìgò kékeré ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ òróró ólífì: òróró àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé Ítálì á wá rí i pé òun ni wọ́n fi ń jẹun, pé ó gba odindi pẹpẹ nínú supamákẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgò rẹ̀ ni wọ́n sì dé pinpin. Kò sí ìyá elépo nítòsí, kò sí ènì, ẹ ò sì lè tọ́ ọ wò.

Lọ́jà Agbálátà ní Àgbádárìgì, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọwọ́ àti imú la fi ń ra epo. Kí ìyá elépo tó wọn ìgò kan fún yín láti inú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ ó ti ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ ó fi àtàǹpàkò rà á mọ́ ìfábẹ̀lá. Bí iyanrìn bá wà níbẹ̀, ìka á sọ. Bó bá ń rùn kíkan, ẹyìn ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Bó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí ọṣẹ kò sì tètè ṣí i kúrò lọ́wọ́, ẹ fura sí aró: NAFDAC ti kìlọ̀ nípa aró tí kì í ṣe ti oúnjẹ tí àwọn kan ń pò mọ́ epo pupa. Ti omi inú epo ló burú, àfi tó bá dórí iná tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà.

Nínú gbogbo ọgbọ́n yìí, ọ̀rọ̀ èso tó pẹ́ nílẹ̀ nìkan ló bá wa dé Ítálì. Ẹyìn tó fara gbọgbẹ́ tí a kò tètè sè, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú epo inú rẹ̀ ká, ásíìdì á sì máa pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ólífì. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ fi ń sáré gbé e dé ìdí ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ kan tó bá ká a, láti oṣù Ọ̀wàrà sí oṣù Ọ̀pẹ. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni iná. Àwa ń se ẹyìn kó lè rọ̀. Àwọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ólífì gbóná ju 27°C lọ bí wọ́n bá fẹ́ kọ “estratto a freddo”, ìyẹn èyí tí wọ́n fà jáde ní tútù, sára ìgò.

Ìwé ara ìgò ni ìyá elépo yín níbí, ẹ kà á tọkàntọkàn. “Olio extra vergine di oliva” ni kí ẹ wá: ásíìdì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.8% lọ, àwọn atọ́wò kò sì gbọ́dọ̀ rí àbùkù kankan nínú rẹ̀. “Olio di oliva vergine” lè dé 2%. “Olio di oliva” lásán ló ń tan àlejò jẹ. Orúkọ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ̀ ni, tí wọ́n wá bu vergine lé. “Olio di sansa” ní tirẹ̀ wá láti inú ohun tó dà bí ihá ẹyìn, tí wọ́n fi kẹ́míkà fa òróró tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ jáde. Ó ṣeé dín àkàrà àti dòdò, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ yí ìgò padà. Àsíá Ítálì níwájú kò ní kí èso jẹ́ ti Ítálì. “Imbottigliato in Italia” kò ju pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò lọ. Lẹ́yìn, ní lẹ́tà wínníwínní, lẹ ó ti rí “miscela di oli di oliva originari dell'Unione Europea”, ìyẹn àdàlù láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àdàlù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má kàn san owó “100% italiano” lé e. Bí wọ́n bá kọ ọdún ìkórè, ó sàn ju ọjọ́ ìparí nìkan lọ, nítorí ọjọ́ tí wọ́n rọ òróró sínú ìgò ni wọ́n sábà máa ń ka ọjọ́ ìparí láti ibẹ̀, nǹkan bí oṣù 18.

Ti owó ńkọ́? Ẹ wo iye lítà kan lórí káàdì pẹpẹ. Ìgò mílílítà 750 tí wọ́n ń ta ní yúrò 9, yúrò 12 ni lítà rẹ̀. Èyí tó jẹ́ lítà kan ní yúrò 10.50 ló dínwó, bó tilẹ̀ dà bíi pé òun ló wọ́n.

Ìgò dúdú tàbí agolo ni kí ẹ mú, kí ẹ sì ti ẹ̀yìn ìlà fà á yọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń ba èyí tó wà níwájú jẹ́. Oòrùn tó ń pa epo tí wọ́n rọ sínú ìgò funfun létí títì Sẹ̀mẹ̀ kò yàtọ̀ sí iná pẹpẹ yìí.

Nílé, ẹ da ṣíbí kan sínú ife kékeré, ẹ fọwọ́ bò ó, ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kejì títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ bù ú sẹ́nu, ẹ fa afẹ́fẹ́ gba àárín eyín wọlé, kí ẹ tó gbé e mì. Ojúlówó á korò díẹ̀ bí ewúro, á sì ta yín lọ́nà ọ̀fun bí ata, ó tilẹ̀ lè mú yín wúkọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á nù pé ó ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé títa yẹn gan-an la fi owó rà. Èyí tó bàjẹ́ ń rùn bí ẹ̀pà tó pẹ́ nínú ìgò, bí ọtí kíkan, tàbí bí aṣọ tí a ká sí àpótí nígbà tí kò tíì gbẹ.

Àwọ̀ kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ife aláwọ̀ búlúù ni àwọn atọ́wò ń lò kí ojú má baà tàn wọ́n jẹ. Dídì náà kò jẹ́rìí: epo pupa tó sùn lọ́yẹ́ ń wù wá, ṣùgbọ́n fíríìjì kò lè fi ojúlówó ólífì hàn yàtọ̀ sí ayédèrú. Bó bá dì ní ìgbà òtútù, ẹ gbé e sínú yàrá tó móoru, á yọ́.

Ẹ má gbé e sẹ́bàá sítóòfù, kí ẹ sì lò ó tán láàárín oṣù méjì tí ẹ bá ti ṣí i. Bó bá ń rùn bí ẹ̀pà àná lọ́jọ́ tí ẹ ṣí i gan-an, ẹ gbé ìgò àti rìsíìtì padà lọ́jọ́ kejì; ní Agbálátà, ẹ ó dúró dọjọ́ ọjà, kí ìyá elépo tó fi òmíràn pàrọ̀ rẹ̀ fún yín.