Ọdún 2022 ń lọ: ohun tí wọ́n sọ nípa Aṣa ní ṣọ́ọ̀bù mi

Ẹ kú ọdún o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú ìnáwó. Mo ti ń rí àyẹ̀wò ọdún àwọn tó kù, ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tó gba físà, ẹni tó kọ́lé, Ọlọ́run á fi ayọ̀ rọ̀ ọ́. Tèmi ò pọ̀. Mo rán aṣọ, àwọn kan ṣì jẹ mí lówó (wọ́n mọ ara wọn), epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ẹ̀ jẹ gbogbo èrè tán, màmá wa pé àádọ́rin ọdún, àbúrò mi obìnrin jápa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó tán. Èyí tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé ni ọ̀rọ̀ àlíbọ́ọ̀mù Aṣa olórin, èyí àkọ́kọ́ yẹn, torí òun la gbọ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún yìí, kò sì sẹ́ni tó wọlé tí ò ní nǹkan kan sọ sí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́lódì ní February 14, wọn ò wọlé títí di October 14, oṣù mẹ́jọ gbáko, àwọn òbí tí ò fẹ́ kí ọmọ wọn máa sùn sílé wá ń mú wọn wá kọ́ṣẹ́, bí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ṣe kún fún ọmọ yunifásítì nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí mọ orin tó jáde lánàá, wọ́n mọ èyí tó máa jáde lọ́la. Àwọn náà ló fi àlíbọ́ọ̀mù V sórí sípíkà, èyí tí Aṣa gbé jáde ní February yẹn, torí Wizkid wà nínú ẹ̀. Mo ní ṣé ẹ mọ ibi tẹ́ni yìí ti ń bọ̀ ni? Wọ́n ní rárá, Àǹtí. Ni mo bá gbé ti 2007 sí i, mo wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn: pé ọmọ ọdún 25 ni nígbà yẹn, Bùkọ́lá Ẹlẹ́mìdé lorúkọ ẹ̀, Páríìsì ni wọ́n bí i sí, Èkó ló ti dàgbà, ilé iṣẹ́ orin kan ní Faransé tó ń jẹ́ Naïve ló gbé àlíbọ́ọ̀mù náà jáde, Cobhams Asuquo tí ò fojú ríran ló bá a to orin inú ẹ̀, àwọn Faransé sì fún un ní ẹ̀bùn orin wọn tó ń jẹ́ Prix Constantin ní 2008. Mo ń ṣàlàyé lọ ní tèmi, ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, oorun ń kùn mí."

Mi ò bínú o. Mo kàn ní kó lọ gé òwú.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Orin yẹn ò sáré. Jítà ń lọ jẹ́jẹ́, ìlù ò pariwo, ohùn ẹ̀ ló wà níwájú, etí tó ti mọ́ gbẹ̀du tó ń mi ògiri á kọ́kọ́ rò pé nǹkan kan ló kù tí wọn ò tíì fi sí i. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn ń fi sí i láàárọ̀ tí iná bá wà, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láìmọ̀, ẹni tó ń lọ aṣọ ń kọ ọ́, ẹni tó ń lẹ bọ́tìnnì ń gbè é. Kódà, "àwé" ni wọ́n ń pe ara wọn kiri ṣọ́ọ̀bù nítorí orin Àwé, tí kọ́sítọ́mà bá wọlé wọ́n á ní "Àwé, gbé sítúùlù wá," mo ní kí ẹ má sọ ṣọ́ọ̀bù mi di gáréèjì. Ọmọ olóorun yẹn ló wá ṣòfin pé a ò gbọ́dọ̀ fi orin Bibanke sí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní ọ̀sẹ̀ ṣì gùn, kí ló dé téèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í banú jẹ́ láti Mọ́ńdè.

Fire on the Mountain ló kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lára ṣá. Gbogbo wọn ló ti ṣeré yẹn rí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n ń jó o. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ibi tó ti ń sọ fún sójà pé ogun ẹlòmíì lò ń lọ jà ni ìjà ti ṣẹlẹ̀, torí ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wà ní Máídúgúrí nínú iṣẹ́ ológun, ó ní òun ò fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn rárá, wọ́n ń ṣe bíi pé sójà ò mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn tó kù ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń bá wí. Ó ní ta ló wá ń bá wí? Ẹ̀gbọ́n òun mọ ohun tó gbé e débẹ̀ dáadáa, owó oṣù ni, ẹ̀gbọ́n yẹn ló sì ń san owó ilé ìwé òun. Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú wa. Títí dòní, tí orin yẹn bá débẹ̀, mo máa ń rántí owó ilé ìwé.

Ẹni tó wá yà mí lẹ́nu jù ni bàbá kan tó ti ń bá mi rajà tipẹ́, wọ́dà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n wá gba ṣòkòtò wọn, mi ò tíì lọ̀ ọ́ tán, mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ jókòó. Jailer ló ń lọ lọ́wọ́, òun ló ṣáájú nínú àlíbọ́ọ̀mù náà. Bàbá gbọ́ "jailer", wọ́n ní ta ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ yẹn? Ọmọbìnrin tó wà nítòsí wọn, tí ò mọ iṣẹ́ tí bàbá ṣe, bá là á yé wọn pé ẹlẹ́wọ̀n ló ń sọ fún wọ́dà pé ìwọ tó o tì mí mọ́lé yìí, ẹlẹ́wọ̀n nìwọ náà. Ojú tì mí débi pé áyọ́ọ̀nù fẹ́ẹ̀ jó mi lọ́wọ́. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ta ló sọ fún ọmọ yẹn?"

Ẹ gbà mí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn lo ọdún tó lé ní ọgbọ̀n nínú yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ń gbé àwọn láti ìlú dé ìlú, lẹ́yìn géètì kan náà tí wọ́n ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́ làwọn náà ń sùn tó bá di iṣẹ́ òru, ilẹ̀kùn kan náà, ẹ̀fọn kan náà. Wọ́n ní ẹnì kan wà tó wọlé bá àwọn, ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje, ó jáde, ó dágbére, àwọn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i o, àwa ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá wọ́dà ni bàbá olórin yẹn, mo ní rárá sà. Ìgbà tí wọ́n gba ṣòkòtò tán, wọ́n ní ìlà tí mo lọ̀ sí i ò tọ́, wọ́n dá a padà. Ojú wọ́dà ni wọ́n fi wò ó.

Màmá mi ńkọ́? Níbi àádọ́rin ọdún wọn, mo ti bá DJ sọ ọ́ pé tí wọ́n bá ń wọlé kó fi So Beautiful sí i, orin ìyá ni, mo ti rò ó pé omi á bọ́ lójú gbogbo èèyàn. Màmá rìn wọlé díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n wo DJ, wọ́n ní, "Ohùn ọmọ yìí dáa, àmọ́ kí ló ń fà á báyìí sí, èèyàn ò lè jó o." Wọ́n ní ká fi Ebenezer Obey sí i. Wọ́n jó, owó sì rọ̀, mo ṣa owó títí ìbàdí fi ń ro mí. Ká sòótọ́, wọ́n jàre.

Àbúrò mi ní No One Knows lòun ń gbọ́ tóun bá ń lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, Jailer ò sì kan òun mọ́, òtútù ibẹ̀ ti tó jailer. Ẹni tó ń fi Aṣa ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé orin àwọn ajẹbọ́tà ni!

Èrò tèmi, ẹ lè bá mi jà: àwọn tó fi Yorùbá kọ níbẹ̀ ló lágbára jù. Ẹyẹ Àdàbà, ohùn orin ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló sọ, àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ti òyìnbó la ń ṣàlàyé. Peace, ẹ forí jì mí, mo máa ń fò ó ni. Àwọn ọmọ mi ṣì ní V dùn jù ú lọ, torí ìyẹn ṣeé jó, mo sì gbà pé ara Aṣa balẹ̀ nínú V ju ti ìgbà yẹn lọ. Ṣùgbọ́n V ò tíì mú wọ́dà kankan sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

October tí ASUU wọlé, wọ́n lọ, ó ku ọ̀kan tó ní òun ò padà sílé ìwé mọ́, iṣẹ́ yìí lòun fẹ́. Òun àti bàbá ẹ̀ ti parí ìjà lórí ìyẹn. January la máa ṣe frídọ́ọ̀mù ẹ̀. Ẹyẹ Àdàbà ló fẹ́ fi wọlé, ìyá ẹ̀ ní fújì ni o, òun ò lè náwó kan ẹyẹ tí ò ní jẹ́ kóun jó. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn, wọ́n ní kí n dá sí i, mo ní mo ní aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ Sátidé.