Párì tó ń dùn yín: kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n yọ eyín

Ẹ̀yin èèyàn wa tí a jọ wà lókè Ọya níbí, bí iwájú etí bá ń dùn yín láàárọ̀, tí párì ń ró kà bí ẹ bá ń jẹun, ẹ má tíì sáré ra oògùn etí, ẹ má sì tíì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ eyín yín. Ẹ fi ìka síwájú etí, ẹ la ẹnu, ẹ pa á dé. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yẹn ni oríkèé párì. Eegun rírọ̀ pẹlẹbẹ kan wà láàárín eegun méjèèjì; bó bá yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, a máa ró. Bó bá kàn ń ró, tí kò dùn yín, tí ẹnu sì ń là dáadáa, kò gba ìtọ́jú.

Tèmi dùn gan-an. Ilé ìtọ́jú kan ní Abuja níbí ní eyín ẹ̀yìn ló fà á, kí wọ́n yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ ná. Eyín ò ní nǹkan kan. Ìyàwó mi ló là á yé dókítà eyín tí a wá lọ bá: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, bàbá Tóbi máa ń payín keke lóru." Dókítà wò mí lẹ́nu, orí eyín mi ti jẹ pẹlẹbẹ.

Splint, ìyẹn ike tí a ń fi bo eyín, ló ṣe fún mi. Ó po lẹ́búlẹ́bú kan mọ́ omi, ó fi tẹ eyín mi, ó dì bí ẹ̀kọ, òun ni wọ́n fi mọ ìwọ̀n. Ike líle tó mọ́ gaara ni, ó bo gbogbo eyín òkè, mo sì ń fi sùn. Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ wà nìyí: dókítà á fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ aláró sáàárín eyín, á ní kí ẹ deyín, ibi tí àró bá ti pọ̀ jù lára ike ni yóò fá, ẹ ó tún deyín, títí gbogbo eyín á fi máa bà á lọ́gbọọgba. Bí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti dẹ̀, párì á jókòó síbòmíràn, ẹ ní láti padà lọ kí wọ́n tún un fá. Ẹ má fi àtúnṣe yìí ṣeré rárá.

Ike ìbòyín tí àwọn abẹ̀ṣẹ́ ń rì bọ omi gbígbóná kọ́ ni mò ń wí. Ẹ ṣọ́ra fún kékeré tó bo eyín iwájú nìkan náà: bó bá pẹ́ lẹ́nu, eyín ẹ̀yìn lè yọ sí i, tí tiwájú ò ní kanra mọ́.

Splint ò dá ṣe é. Ètè lẹ̀ ń pa dé lọ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kí eyín kanra. Ẹ jẹ́ kí kílíṣí, òfìo, obì àti ìrèké orí ọmọlanke sinmi ná. Aṣọ tí a rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ a máa mú iṣan dẹ̀. Omi tútù lẹ fi ń fọ splint, ẹ má fi í sínú ọkọ̀ nínú oòrùn Abuja, yóò wọ́.

Bẹ́nikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fá eyín yín gan-an nítorí ìrora yìí, ẹ kọ̀ ọ́. Splint ṣeé yọ, eyín tí wọ́n fá kì í hù padà. Bí ẹnu bá há tí kò là, tàbí tó wú pẹ̀lú ibà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá sì yọ splint láàárọ̀, tí eyín ò kanra bó ṣe máa ń kanra tẹ́lẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, ẹ má fi sùn mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.