Guangzhou àti Richmond: Ọmọdé Tó Ń Kọ́ Èdè Ṣáínà

Ọdún 4 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní kíláàsì Montessori kan, níbi tí ọmọdé ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kọ́ ẹ̀kọ́, ní Guangzhou, ìlú kan ní gúúsù Ṣáínà, kí a tó kó lọ sí Kánádà. Ní Richmond, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vancouver tí a ń gbé báyìí, iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe: àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6, èdè Ṣáínà, àti àwọn ohun èlò kan náà lórí sẹ́ẹ̀fù kékeré tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ohun tó wà níta géètì ni kò jọra.

Ní Guangzhou, èdè ti kún etí ọmọ kó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá àgbà ló sábà máa ń mú un wá. Àkọlé lọ́tùn-ún, àkọlé lósì. Ọmọ ọdún 4 kan sáré wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun mọ 出口, ìyẹn ọ̀nà àbájáde. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń rí i lójoojúmọ́. Cantonese, èdè Ṣáínà ti agbègbè náà, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nílé, wọ́n á dé kíláàsì, wọ́n á sọ Mandarin, èdè Ṣáínà tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń lò nílé ìwé, ọ̀kan kò sì dí èkejì lọ́wọ́.

Nítorí náà, àwọn àgbà ló ń fún wa níṣẹ́ níbẹ̀ ju ọmọ lọ. Bí ilé ìwé bá ti jáde, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Lẹ́tà mélòó ló kọ lónìí?" Tí a bá ní ó bu omi sínú ife fúnra rẹ̀, ó sì nu tábìlì, màmá àgbà á fajú ro. Ìfẹ́ ló ń ṣe é. Àmọ́ láti 1907 tí Maria Montessori ti ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣáájú ìwé: ọwọ́ tó ń da omi láìta á sílẹ̀ ni yóò di gègé mú lọ́la. Inú mi dùn nígbà tí òfin tuntun lórí ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣáínà ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó ní kí wọ́n má fi iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọmọ kékeré lẹ́rù.

Richmond ńkọ́? Ó lé ní ìdajì àwọn ará ìlú tí ìran wọn ti Ṣáínà wá, àkọlé Ṣáínà sì pọ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ mi fi ń ṣeré. Ìyá á sọ Ṣáínà, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ohun tí ọmọ ń rí he nígboro Guangzhou, àwa la gbọ́dọ̀ gbé e ka iwájú rẹ̀ níbí. Igi ìjẹun méjì àti abọ́ ẹ̀wà, kó máa fi ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: n kò gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ rí ní Guangzhou, torí òun ni wọ́n fi ń jẹun nílé. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ń pe ẹbí náà ń bẹ. Àwa ní ẹ̀gbọ́n, a ní àbúrò. Àwọn ará Ṣáínà tún ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin: gēge ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, jiějie ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ọmọ ọdún 3 tó bá fẹ́ kí ọmọ ọdún 6 bá òun so okùn bàtà, ó di dandan kó pè é bó ṣe yẹ.

Ohùn ló wọ̀ mí lára jù. A fi sáńdípépà gé lẹ́tà 水, omi, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pẹlẹbẹ. Ọmọkùnrin kan fi ìka méjì tọ ilà àárín wá sísàlẹ̀, ó kọ́ ọ nídìí, ó bọ́ sápá òsì, ó parí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó wá ní, "Shuì." Sísùn nìyẹn! Omi ni shuǐ: ohùn á lọ sílẹ̀ kó tó gòkè. Ti shuì, ńṣe ló ń já bọ́ láti òkè. Ẹni tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ àti ọkọ́ mọ ohun tí mò ń wí.

N kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kánjú. Ìpele mẹ́ta ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀: "Omi nìyí", lẹ́yìn náà, "Fi omi hàn mí", ìgbẹ̀yìn la tó ń bi í pé, "Kí nìyí?" Mo ti fi ìgbẹ̀yìn ṣáájú. Mo gbé jọ́ọ̀gì, mo rọra da omi sínú abọ́ lójú rẹ̀, mo ní, "Shuǐ." Kò wí nǹkan kan. Ó gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á.

Bàbá rẹ̀ bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bóyá ó sọ Ṣáínà. Mo ní kò tíì sọ ọ́, àmọ́ ó da omi títí, ó sì ń gbọ́ orúkọ omi náà ní Ṣáínà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ ṣan ìrẹsì lálẹ́, kó jẹ́ kí ọmọ náà bu omi rẹ̀, kí òun bàbá fúnra rẹ̀ má sì fi Gẹ̀ẹ́sì pe omi náà.