Mítà ti wà lórí ológeere mi!
Òní ni mo de mítà eré aláwòṣe àtijọ́, èyí tó ń fi bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó hàn, mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Kò lo bátìrì rárá: wáyà tín-ín-rín kan ló ń yí nínú rọ́bà dúdú, láti ìdí táyà iwájú títí dé ẹ̀yìn mítà.

Mo kọ́kọ́ gùn ún, abẹ́rẹ́ ò mira. Àṣé ahọ́n irin kékeré tó yẹ kó há sáàárín sípóòkù ti yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tì í padà, mo fi gírísì díẹ̀ pa wáyà. (Ẹ wo íńṣì táyà yín dáadáa o: mítà tí wọ́n ṣe fún táyà 26 lórí táyà 28 á máa ka eré yín kéré.)

Ìgbà tí abẹ́rẹ́ pupa yẹn gbọ̀n, tó rọra gòkè dé 15, mo pariwo ayọ̀ lójú títì!