Aago tẹ́ ẹ máa padà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí òkè gíga

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun òkè gíga, mo ti wo àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ ń gbé jáde. Wọ́n wù mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù, ọ̀sán ti pọ́n, ìkúùkù dúdú sì ti ń gbára jọ lẹ́yìn yín. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ bàtà, omi tàbí aṣọ òtútù. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣírò ọ̀nà yín. Òfin tí Naismith, ará Scotland, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1892 ṣì wúlò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá mítà 3,000, ẹ tún fi àkókò kún un, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ́síjìn tẹ́ ẹ máa rí mí sínú níbẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ti etí òkun lọ. Lókè Kilimanjaro, ní mítà 5,895, bí ìdajì ló kù.

Ìkejì, ẹ dá aago tẹ́ ẹ máa padà kẹ́ ẹ tó kúrò nínú àgọ́, kí gbogbo yín sì gbọ́ ọ. Tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á gòkè, á tutù, á di ìkúùkù. Tó bá di ọ̀sán, àrá ló kù. Lórí ọ̀nà tóóró òkè, níbi tí ilẹ̀ ti dà lọ sísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sóhun tó ga jù yín lọ.

Ìkẹta ni mi ò lè fi gbólóhùn kan sọ.

Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí ẹ̀, ọ̀gá kan tó ti pẹ́ lórí òkè ló ṣáájú wa. Aago mọ́kànlá àárọ̀ la ní a máa padà. A dé ọ̀nà tóóró náà, ojú ọjọ́ mọ́ gaara, òkè lẹ́yìn òkè títí ibi tójú lè ríran dé, yìnyín funfun lórí wọn. Aago mọ́kànlá kọjá, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ pípadà. Orí ti ń fọ́ ọ̀rẹ́ mi kan látàárọ̀, ó sì ti bì. Ibi tá a sùn lálẹ́ àná fi mítà 800 ga ju ti ìjẹta lọ, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti kọjá mítà 3,000, mítà 500 ni àwọn dókítà òkè ní kó má jù. Mo wò ó bó ṣe ń wá ibi tó máa ki okùn báàgì rẹ̀ bọ̀. Ìka rẹ̀ ń kọjá lára ihò náà, ó ń padà wá, kò rí i. Mo ní kó rìn fún mi tààrà, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Kò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó fi yẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀." Ó ní ó rẹ̀ ẹ́ lásán ni, pé kí ni ọmọdé mọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tí orí ń fọ́ lókè, tí kò wá lè rìn tààrà mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń wú. Oògùn àti ọ́síjìn inú sílíńdà lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ sísọ̀kalẹ̀ kíákíá ló ń gbẹ̀mí là.

A ṣì lọ síwájú. Nígbà tí mànàmáná kọ, mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kí àrá tó dún: bíi kìlómítà 2 péré ló fi jìnnà sí wa. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ká tó gbé ọ̀rẹ́ mi dé ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dá wa lóhùn mọ́. Ó yè, ṣùgbọ́n kò gun òkè mọ́ títí dòní. Ọ̀gá yẹn ń sọ kiri pé ojú ọjọ́ ló dà wá. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣáájú èèyàn lọ́la, ẹni tó kéré jù nínú yín gbọ́dọ̀ lè sọ pé ó tó, kí gbogbo yín sì yí padà. Ìwọ tó o kéré, bí ẹ̀gbọ́n bá bínú, ìsàlẹ̀ lo ti máa bẹ̀ ẹ́. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, mú ẹni tára rẹ̀ ò yá, kẹ́ ẹ jọ sọ̀ kalẹ̀. Má jẹ́ kó dá lọ.