Ẹ Máa Pe Orúkọ Wọn Lárààárọ̀

Tó bá di oṣù kẹsàn-án, á pé ọdún 27 tí mo ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Mo ti ní i lọ́kàn láti kọ ẹ̀kọ́ méjì sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa kíláàsì lé lọ́wọ́. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ló jẹ́ kí n tètè jókòó. Tíṣà kékeré kan ṣí rẹ́jísítà rẹ̀, ó ń fa ìlà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ránṣọ. Kò gbójú sókè títí tó fi parí.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí lẹ́sìn nóòtù àti dáyárì. Wọ́n ti fi ìyẹn dà yín láàmú tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ dé kíláàsì ṣáájú àwọn ọmọ. Olùkọ́ tó bá bá ariwo nílẹ̀, ariwo náà ló máa jọba lórí rẹ̀ títí dìgbà ìsinmi.

Ẹ̀kọ́ kejì ni rẹ́jísítà.

Ọdún 2001 ni. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Òkè Ògùn ni mo wà, kíláàsì kẹrin, ọmọ 64, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì lè sọ ọ́ níbikíbi. Tí alábẹ̀wò bá dé láti ìjọba ìbílẹ̀, kíláàsì tèmi ni wọ́n máa ń mú un wọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí kò ní ìwé ìṣirò. Mo sọ ọ́ títí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, mo lé e jáde níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "O ò gbọdọ̀ padà síwájú mi láìmú ìwé yẹn dání." Ó kó àpò rẹ̀, ó lọ. Mo kọjú sí pátákó.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló yẹ ká pe orúkọ: ìlà kan fún àárọ̀, ìlà kan fún ọ̀sán, òdo fún ẹni tí kò wá. Èmi kì í pè é. Orúkọ 64 ń jẹ àkókò, ìṣirò ni mo sì fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú wọn bá ṣì mọ́. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, màá fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, màá wá fún àwọn méjì mẹ́ta tí mo rántí pé wọn ò wá ní òdo. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fa ìlà fún ọmọ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún fà á. Mo lé ọmọ ọlọ́mọ jáde, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti sọ pé kò sówó ìwé. Ọmọ náà ò wá sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n lé òun. Lárààárọ̀ ló ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó ń mu ẹ̀kọ, tó ń dágbére fún ìyá rẹ̀, tó ń gba ọjà lọ. Á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sínú àpò, á máa bá àwọn ọlọ́mọlanke ti ẹrù. Tí aago méjì bá lù, á wọ aṣọ ilé ìwé padà, á darí sílé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọlanke tí iṣu kún inú rẹ̀ já mọ́ wọn lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó gun ọmọ náà lẹ́sẹ̀, eegun sì kán.

Nígbà tí wọ́n sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀ nídìí ata tó ń tà, kò gbà. Ó ní ọmọ òun wà nílé ìwé. Ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ sáré wá. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ bá mi pè é jáde, kí n fojú mi rí i." Ọ̀gá ní kí n mú rẹ́jísítà wá. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ orúkọ náà lọ, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ó wà láàárọ̀, ó wà lọ́sàn-án."

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ti fa ìlà ọ̀sán.

Mo wo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọmọ mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n dá owó oṣù mi dúró fún oṣù méjì, wọ́n sì kọ ọ́ pé tí sáà kẹta bá parí, kí n kọjá sí abúlé kan. Ó tọ́ sí mi. Àmọ́ n kò tíì lè dárí ji ọ̀gá yẹn tán. Ìbuwọ́lù rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ́fíìsì rẹ̀ àti kíláàsì mi, ó sì mọ̀ pé òun ò gbọ́ kí n pe orúkọ rí. Òun ló dúró níwájú gbogbo ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní kí á lé ẹni tí kò bá níwèé. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa di ọ̀gá lọ́la, ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí, ẹ ti jẹ́rìí sí i nìyẹn.

Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ó máa ń sọ pé tí òun bá pa ilé ìwé jẹ lónìí, tíṣà á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn kílẹ̀ tó ṣú. Mo gbọ́ ìtàn yẹn dàgbà, kò sì yé mi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ tèmi ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2004, òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, jáde pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fà lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ni òbí rẹ̀ láti àárọ̀ títí dìgbà tí agogo ìparí bá dún. Ẹ pe orúkọ náà sókè. Ẹ dúró kó dáhùn, kí ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ èyí tí ibà ń mú, èyí tí kò jẹun, èyí tó sunkún kó tó kúrò nílé. Tí kò bá wá lọ́jọ́ méjì, ẹ rán ọmọ àdúgbò rẹ̀ lọ béèrè. Tó bá di mẹ́ta, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ń ṣahun rẹ̀ láàárọ̀ nígbà náà kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀mọ̀wé.

Ẹni tí kò bá sì níwèé, ẹ jẹ́ kó jókòó ti ẹni tó ní. N kò tún lé ọmọ jáde nítorí ìwé mọ́ láti ìgbà yẹn.

Sáà kẹta ni ọmọ tí mo lé yẹn padà wá, ó ń tiro. Mo ti ra ìwé ìṣirò náà pa mọ́ fún un, mo sì fún un kó mú un lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ mú ìwé náà wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ó ti ní tiẹ̀." Owó tó rí nídìí ọmọlanke ni wọ́n bá nínú àpò ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ kán, ó wé e sínú ọ̀rá. Ogún náírà péré ló kù kó pé owó ìwé.