Táǹkì omi òkun mi l'Óṣogbo: ẹjọ́ Ọmọ Onílẹ̀

Èrèlé

Ẹja mẹ́ta ló wà nínú táǹkì báyìí, ọ̀kan nínú wọn ò sì fẹ́ kí àwọn méjì yòókù rímú mí. Damsel dúdú ni, irú èyí tó ní àmì funfun mẹ́ta lára: ọ̀kan níwájú orí, ọ̀kan lókè ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Inú táǹkì ni mo ti bá a nígbà tí mo ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí Kánádà. Ẹni náà ní kí n má ṣèyọnu lórí rẹ̀, pé ẹja tó le ni. Kò parọ́. Bí damsel ṣe le yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ẹja máa sọ fún èèyàn pé òun ni kó kọ́kọ́ jù sínú táǹkì tuntun, torí omi tí kò tíì dára fún ẹja mìíràn, òun á máa gbé inú rẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé damsel tó bá kọ́kọ́ dé ti gba ilẹ̀ nìyẹn. Nílé wa, Ọmọ Onílẹ̀ la sọ ọ́. Kó o tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, á wá gbowó. Kó o tó kan òrùlé, á tún padà wá.

Táǹkì náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó ń gba nǹkan bí omi lítà 240. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kó gbogbo òkúta jọ sáàárín, ó ṣe wọ́n ní òkè kan ṣoṣo, ihò ńlá kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni damsel ń gbé. Láti ẹnu ihò yẹn, kò sí ibi tí kò rí nínú táǹkì.

Clownfish méjì, ẹja òkun kékeré onílà funfun, ni mo rà kún un. Láti Èkó ni wọ́n ti wá, nínú ọ̀rá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí, tí a tò sínú kúlà kí oòrùn má baà se omi náà lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ọ̀kan tó tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ. Akọ ni gbogbo clownfish nígbà tí wọ́n bá kéré. Èyí tó bá tóbi jù ló ń di abo, èyí tó tẹ̀ lé e á wá di ọkọ rẹ̀. Bí abo bá kú, ọkọ á di abo. Ní 1977, Hans Fricke àti Simone Fricke gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé lílé tí abo ń lé ọkọ kiri ni kì í jẹ́ kí ọkọ náà yí padà di abo. Nítorí náà, bí mo bá rí èyí ńlá tó kọ orí sí kékeré, tí kékeré sì fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn nínú omi, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, mi ò kì í dá sí i. Ó ń júbà ni. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn ní títóbi, ìgbà yẹn ni wọn ì bá jà gidi.

Ti Ọmọ Onílẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró ní ìdábùú, á na gbogbo lẹbẹ rẹ̀, á wá já lọ pàù, ìrù ẹlòmíì ló sì ń fojú sùn. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí pọ́ǹpù dákẹ́, gbé etí lé gíláàsì, wàá gbọ́ ọ: kọ́-kọ́-kọ́, ìró kékeré tó gbẹ, kó tó fò mọ́ ẹni tó ń lé. Wọ́n ń fọhùn lóòótọ́, damsel àti clownfish, bí wọ́n bá ń jà. Kò pẹ́ tí ìrù clownfish kékeré fi là sí méjì. Ẹ̀yìn pọ́ǹpù ló lọ sá sí, níbi tí omi ti ń tì í síwá sẹ́yìn, kò wá jẹun.

Mo kọ́kọ́ gbé jígí ti gíláàsì níta, ní ọ̀kánkán ẹnu ihò. Damsel rí ara rẹ̀, ó rò pé damsel mìíràn ti wá gbalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá jígí jà. Àwọn clownfish jáde, wọ́n jẹun. Mo gbé jígí kúrò, ó padà sórí wọn. Àwọn kan gbà pé jígí ni oògùn ìjà ẹja. Lójú tèmi, ó kàn ń fún àwọn yòókù láyè láti mí ni.

Màmá àgbà kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo táǹkì títí, ó ní, "Jẹ́ n bi ọ́ o. Ṣé kì í ṣe ẹja Ọ̀ṣun lo tì mọ́ gíláàsì yìí?"

"Rárá o, màmá. Ẹja òkun ni."

"Ẹja Olókun! Ìyẹn ò wa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ní ìlú Atáọ́ja, ìbéèrè yẹn kì í ṣe àwàdà. Kò sí ẹni tó ń pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Ẹnì kan tiẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ ju damsel sódò kí n sinmi. Mi ò ní ṣe é. Omi odò ò níyọ̀, kò ní pẹ́ kú níbẹ̀, kò sì sí ohun tó gbé ẹja ilẹ̀ òkèèrè dé odò ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹrẹ́nà

Ooru. Omi gun 30°C lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ 25 sí 27 ni mo fẹ́. Fáànù kékeré tí mo dojú rẹ̀ kọ omi ń fà á wálẹ̀, àmọ́ omi ń gbẹ, iyọ̀ ò sì gbẹ, torí náà omi tí kò níyọ̀ rárá ni mo fi ń dí i, kí òṣùwọ̀n iyọ̀, ìyẹn bí omi náà ṣe wúwo sí omi lásán, lè dúró sí 1.025. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ dúró bí omi tútù. Mo ti so pọ́ǹpù kan mọ́ ìnfátà lọ́tọ̀ nítorí òru tí iná kì í dé. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn, torí iṣẹ́ oṣù yìí gan-an ni ajẹ̀rẹ́.

Ajẹ̀rẹ́ ni mo ń pè é, ike ni. Ike ìpamọ́ oúnjẹ tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Mo fi ìṣó gbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí i yíká, títí dé ìsàlẹ̀, mo wá fi pépà tí àwọn káfíńtà fi ń ha pákó ha etí ihò kọ̀ọ̀kan, torí ike tó yọ ṣóńṣó lè dá egbò sí ẹja lára. Okùn ni mo fi so ó kọ́ sí etí táǹkì, ó rì, ẹnu rẹ̀ ló kù lókè omi. Omi ń wọlé, omi ń jáde, ojú ń rí ojú, ẹnu ò lè kan ara.

Royal gramma ni ẹni àkọ́kọ́ tó sùn níbẹ̀. Ẹja kékeré ni: iwájú rẹ̀ pọ́npùù bí èsè àlùkò, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹyin ìyeyè. Damsel dé lọ́gán. Ó fi ẹnu gbá ike, ó padà sẹ́yìn, ó tún gbá a. Gbogbo ọ̀sán ló fi ṣe é. Gramma sún mọ́ igun ike, kò mira. Lálẹ́, mo fún gbogbo wọn lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, edé tútù tí mo gé wẹ́wẹ́, mo ju díẹ̀ sínú ike, mo ju díẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gan-an. Damsel ní láti yàn: ṣé kó jà ni, ṣé kó jẹun? Ó jẹun. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fún wọn ní kékeré lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ dípò ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yó ń jà, àmọ́ kì í jà bí ẹni tí ebi ń pa.

Mi ò ka ọjọ́ lórí ajẹ̀rẹ́. Ohun tí mo ń wò ni pé ṣé damsel ń yà síbẹ̀ bó bá ń kọjá. Nígbà tí mo rí i pé ó gba iwájú ike kọjá láì wojú gramma, mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀.

Kí n tó ṣí ike, mo tú òkúta. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe, ó sì jẹ́ èyí tí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Òkè kan ṣoṣo yẹn ni mo wó, mo fi kọ́ òkè méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, mo sì gbé òkúta pẹlẹbẹ kan dí ojú láàárín wọn. Mo rí i dájú pé òkúta kọ̀ọ̀kan jókòó sórí gíláàsì ìsàlẹ̀, kì í ṣe sórí iyanrìn, torí ẹja lè wa iyanrìn nídìí kí gbogbo rẹ̀ wá ya lulẹ̀. Ihò ti di mẹ́fà tàbí méje. Ní báyìí, ibi yòówù kí ẹja dúró sí, ìdajì táǹkì ló lè rí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Damsel wá ihò rẹ̀ títí. Á wọ ibí, á jáde lọ́hùn-ún, á padà síbi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀, á dúró síbẹ̀ nínú omi lásán. Ààlà ilẹ̀ ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Òru ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí mo pa iná, tí ó ti lọ sùn, mo dojú ike dé jẹ́jẹ́, gramma sì yọ́ wọ ihò kan lápá ọ̀tún. Ilẹ̀ mọ́, gramma ti di onílé níbẹ̀. Ó ń fi ikùn kọ àjà ihò, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bí ìṣe irú wọn. Damsel lé e díẹ̀, kò sì tẹ̀ lé e wọlé.

Igbe

Firefish wọlé. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́, funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, lẹbẹ kan gùn lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jù fìrìfìrì. Afòsókè ni irú wọn: bí wọ́n bá lé e, òkè ló ń gbà, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú sórí ilẹ̀ yàrá. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ní kí káfíńtà àdúgbò kan férémù pákó fún mi, mo na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e, mo fi bo ojú táǹkì. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, fáànù ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Àìsí nẹ́ẹ̀tì yẹn ni, mi ò bá ti máa ṣa á nílẹ̀. Ajẹ̀rẹ́ ò ràn án tó. Gramma lóun lè wọ ihò kó sì yọ eyín síta, firefish kò ní ìgboyà yẹn, àárín omi ló fẹ́ràn láti dúró sí. Damsel lé e, ó fi orí gbá nẹ́ẹ̀tì, ó tún lé e. Nígbà tó yá, kò jáde mọ́.

Mo wá pinnu pé ẹni tó ń jà ni yóò lọ sí àtìmọ́lé, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń lù. Ibi tí iṣẹ́ wà ni mímú un. Bó o bá fi àwọ̀n lé damsel láàárín òkúta, ìwọ ni yóò rẹ̀. Mo gé orí ike omi lítà 1.5, mo dojú orí náà kọ inú ike, ọrùn rẹ̀ wá di ẹnu ọ̀nà, ó di ìgèrè. Edé kan nínú rẹ̀, òkúta kan kó má baà léfòó. Clownfish ńlá ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo yọ ọ́. Gramma yọjú, ó padà. Damsel ń wo gbogbo wọn, kò sì lè fara dà á pé kí ẹlòmíì máa jẹun nínú ilé tuntun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wọlé. Kò mọ ọ̀nà àbájáde.

Inú ajẹ̀rẹ́ ló wà nígbà tí àwọn yòókù ń pín ilẹ̀. Firefish gba òkè òsì. Clownfish ńlá, tó ti ń sanra, bẹ̀rẹ̀ sí í sùn níwájú gan-an. Ọmọ Onílẹ̀ ń wo gbogbo rẹ̀ láti inú ike, ó ń gbá ike, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀ lóru, òun ni àlejò.

Ó gbìyànjú o. Ó na lẹbẹ sí clownfish ńlá, ìyẹn náà na tirẹ̀, wọ́n dúró ní ìdábùú síra wọn. Damsel ló kọ́kọ́ yí padà.

Òkúdù

Ìrù clownfish kékeré ti hù padà, kò tiẹ̀ sí àpá. Gbogbo wọn ń jẹun lójú ara wọn. Damsel ń gbé ẹ̀yìn òkè ọ̀tún, ó ń lé ẹni tó bá sún mọ́ ibẹ̀, kò sì ń tẹ̀ lé wọn kọjá òkúta pẹlẹbẹ. Mo lè fara mọ́ ìyẹn. Àmọ́ irú rẹ̀ lè dàgbà tó sẹ̀ǹtímítà 14, bó bá sì tóbi tán, kò ní ju wákàtí kan lọ tí yóò fi gba òkè òsì lọ́wọ́ firefish. Ẹnì kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní táǹkì tó ju tèmi lọ dáadáa, ẹja ńláńlá tó gbóyà ló sì wà níbẹ̀. Ó ti gbà láti mú un. Ìgèrè ṣì wà ní ṣẹpẹ́.

Àwọn tó ń yọjú wo táǹkì ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ra tang, ẹja pẹlẹbẹ pupa rúsúrúsú tàbí búlúù yẹn. Mi ò ní rà á. Tang ní abẹ ní ìdí ìrù, lápá ọ̀tún àti òsì, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kò tó ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ láti àárọ̀ títí alẹ́. Bí mo bá ní táǹkì ńlá lọ́jọ́ kan, òun ni yóò wọlé kẹ́yìn.

Clownfish ńlá ti di abo. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń fi ẹnu nu ojú òkúta kan níwájú, wọ́n ń gé ewé òkun tó hù lé e jù nù, ohun tí irú wọn máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin. Láàárọ̀ òní tí mo ki ọwọ́ bọ omi láti nu gíláàsì, ó já wá láti ẹ̀yìn òkúta náà, ó bù mí jẹ láàárín ìka méjì. Mo ti ra ìbọ̀wọ́.